Ọládipúpọ̀ Tó Ná Bàálù Bí Ẹni Ń Ná Tòmátì

Ahun ni Ọládipúpọ̀ Ògúnníyì, ó sì tún gbà pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó òun. Ahun lásán ò dáa, ká má tíì wá sọ ti ahun tó mọ gbogbo nǹkan tán! Tòmátì ni Dípọ̀ ń tà ní ọjà Terminus, nílùú Jos. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń rí i pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹni tó ń fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì ṣe fọ́ńté láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ oníbàárà kó gbà á ní ìdajì owó. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá a lójú pé kò sóhun tí wọ́n ń tà láyé tí owó rẹ̀ kì í wálẹ̀ bí ọjà bá fẹ́ tú.

Nípẹ̀kun oṣù Kẹwàá, ìròyìn dé láti Iléṣà pé Ìbíjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí ìyá Dípọ̀ ní, ti papò dà. Ìbíjọkẹ́ yìí ló pọn Màmá Rosaline, ìyá Dípọ̀, òun ló tọ́ ọ, òun ló fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó bá ọkọ náà wá sí Jos nítorí iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n mú Ọjọ́ Ẹtì kan láàárín oṣù Kejìlá fún ìsìnkú. Màmá ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ ò sì lè gba mọ́tò láti Jos dé Iléṣà. Bàálù nìkan ló lè gbé e dé Èkó, kí Motún, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà níbẹ̀, wá fi ọkọ̀ gbé e lọ.

"Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bu yẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi lára," ni Màmá ń wí. "Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yín."

Lọ́jọ́ kejì gan-an ni Motún fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí Dípọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló ṣì kù. Dípọ̀ lọ bá Saheed, tó ń bá àwọn èèyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀.

"Bọ̀dá Dípọ̀, ẹ rà á lónìí," ni Saheed sọ. "Iye kan náà kọ́ ni wọ́n ń ta gbogbo àga inú bàálù. Díẹ̀ ni wọ́n ń tà ní ọ̀pọ́ níbẹ̀rẹ̀. Bí ìyẹn bá tán, wọ́n á gbówó lé e, wọ́n á tún gbówó lé e. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn, wọ́n mọ̀ pé kò lè ṣe kó má lọ, òun ni wọ́n máa ń fá lórí. Kérésì sì ń bọ̀. Bẹ́ ẹ bá tún mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun dípò Ọjọ́bọ̀, ó máa dín sí i, Màmá á sì rójú sinmi lọ́dọ̀ Àǹtí Motún."

Dípọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Saheed! Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ lọ́jà títà? Àga tó bá ṣófo nígbà tí bàálù gbéra, ṣé kò ti jẹrà nìyẹn? Wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ wá."

Ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé ṣéńjì tó bá ṣẹ́ kù, àpò òun ló ń lọ. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ nǹkan! Owó tí àbúrò fi ránṣẹ́ nítorí ìyá tó bí àwọn méjèèjì!

Ìjàfara léwu. Lọ́sẹ̀ kejì, Saheed pè é pé owó ti lé. "Á sọ̀," ni Dípọ̀ dá a lóhùn. Lọ́sẹ̀ kẹrin, owó tí Motún fi ránṣẹ́ ò ká a mọ́. Nígbà tí Màmá bi í léèrè, kí ni aláìnítìjú yìí wí? Ó ní òun ti rà á! Màmá kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó gbàdúrà fún un pé ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀. Dípọ̀ sì ń ṣe àmín.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tí ìsìnkú ku ọ̀la, wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú ní Heipang. Màmá wà lórí àga onítáyà, nínú aṣọ dúdú tó ti lọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Matthias, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, sọ pé àga kan péré ló kù, owó rẹ̀ sì ti di ìlọ́po mẹ́ta ti àtijọ́.

"Kai! Gba ìdajì," ni Dípọ̀ wí. "Bàálù ti fẹ́ lọ, kí lẹ fẹ́ fi àga ṣe?"

"Baba, wọn kì í ná an níbí. Kọ̀ǹpútà ló ń dá iye lé e."

Owó yẹn wà lọ́wọ́ Dípọ̀ o! Ṣùgbọ́n ńṣe ló yíjú padà, tó rọra ń rìn lọ bí wọ́n ti ń ṣe ní Terminus, kí ọlọ́jà lè pè é padà. Ẹnikẹ́ni ò pè é. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ síwájú, ó fi fóònù sanwó, ó gba àga náà. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà. Kí Dípọ̀ tó sáré padà, Matthias ti ń mi orí.

"Ó ti tán, Baba."

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Dípọ̀, o ní o ti rà á."

Bàálù gbéra lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sin Ìbíjọkẹ́ ní Iléṣà, inú fóònù ni Màmá tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ sì ti wò ó, ní pálọ̀ ilé wọn ní àdúgbò Anglo Jos.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màmá ránṣẹ́ pe pásítọ̀ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ Ìjẹ̀ṣà. Ó ní, "Ẹ jẹ́rìí sí i. Lọ́jọ́ tí mo bá kú, Motún ni kó ṣíwájú òkú mi. Dípọ̀ ò gbọdọ̀ bu yẹ̀pẹ̀ sí mi lára."

Dípọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni àkọ́bí yín."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà ọ́ gbọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kó àwọn àgbà lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Màmá fi kọ̀. Gbogbo Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Jos ló ti gbọ́.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ fi Dípọ̀ kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀, kó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, pàápàá bí ọdún bá ń bọ̀, torí àga bàálù kì í ṣe tòmátì, ẹ̀yìn ló ti ń wọ́n. Ohun tí ẹ mọ̀ nídìí iṣẹ́ yín, ẹ má fi ṣe olùkọ́ nídìí iṣẹ́ oníṣẹ́. Èyí tó sì burú jù ni kéèyàn máa wá èrè lára ẹkún ìyá rẹ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí bàálù tó ń gbéni padà lọ sí àná.