Àpò Páàdì

Aránṣọ na téèpù rẹ̀ lé àwòrán géèmù tuntun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, àwòrán lẹ ń wọ̀n yẹn o! Ohun gidi ò tíì jáde."

"Mo mọ̀. Páàdì tí wọ́n máa ń fọwọ́ mú ta géèmù náà ńkọ́? Báwo ló ṣe máa tóbi tó?"

"Wọ́n ní ò ní ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kò ní wáyà. Bátìrì rẹ̀ sì máa pẹ́ kó tó kú."

Aránṣọ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, lábẹ́ ìwọ̀n ejìká ọmọ rẹ̀ obìnrin. Láti ọdún tó kọjá ni ariwo géèmù yìí lẹ́nu ọmọ náà ti dí ìyá létí nílé.

"Àpò lẹ fẹ́ rán fún un ni?"

"Àpò ara aṣọ ni."

"Ẹ jẹ́ kó jáde ná, Mọ́mì. Oṣù méjì péré ló kù. Ṣé ọmọ yín ò lè ní sùúrù ni?"

Aránṣọ ń ká téèpù mọ́ ìka, ó tún ń tú u.

"Ó ní sùúrù. Ó gbìyànjú gan-an."

Ó nawọ́ sí páálí tí wọ́n gé bíi páàdì sójú wíńdò.

"Jọ̀ọ́, bá mi yọ ìyẹn."

"Páálí lásán nìyẹn! Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Aago mẹ́wàá ọ̀la la máa sin ín. Àwọn aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi ní a kì í rán àpò sí aṣọ òkú."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé.

"Èmi á rán an."