Odò Kò Fẹ́ Rí Bọ́tìnnì

Kí omi tó lè yọ lẹ́nu ẹ̀rọ nílùú wa, mo gbọ́dọ̀ lọ kí odò Misisípì láràárọ̀. Láti ìgbà tí òfin ti fún un láṣẹ lórí omi rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó fi ń sọ̀rọ̀, èébú ni agbéraga yẹn fi ń dá mi lóhùn. Okùn la fi ń so ẹ̀wù wa, torí ìkarahun inú odò náà làwọn baba wa kó tán láti fi ṣe bọ́tìnnì.

Láàárọ̀ yìí, Holtz, olórí ìlú tuntun, wọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbọ́tìnnì tẹ̀ lé mi.

"Bọ́ ọ," ni odò wí.

"Rọ́bà lásán nìyí! Ta ni odò ń pàṣẹ fún?"

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ," mo ní. "Àwọn ọmọ ò tíì mumi."

Ó pòṣé, ó tún de bọ́tìnnì tó ṣí lọ́rùn.

"Ó dáa," ni odò wí. "Ẹ lọ fi bọ́tìnnì pa òùngbẹ."