Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Ṣèlérí Ipò Kan fún Ẹni Méjì

Èké ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ambrose. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ìwé tó kà má baà tàn yín jẹ.

Bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bára wọn lò, bí wọ́n ṣe ń jà, bí wọ́n ṣe ń ṣàdéhùn, ohun tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nìyẹn. Bí ogun bá bẹ́ níbikíbi láyé, òun ni tẹlifíṣọ̀n máa ń pè. Ó máa ń sọ pé kò sí ọ̀rẹ́ láàárín ìjọba, àǹfààní ló wà. Kò burú. Àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní kíláàsì. Ó fi ń bá èèyàn lò.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ dìbò yan díìnì tuntun, olórí gbogbo ẹ̀ka wọn, Ambrose ń fi ojú méjèèjì wá ipò náà. Ó mọ àwọn méjì tó lérò lẹ́yìn: Dókítà Mabel, ará Sùúrùlérè, àti Dókítà Yẹ̀kínnì, ọmọ Mushin. Àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Bí ọ̀kan bá wọ ìpàdé, èkejì á máa wo àjà.

Ó lọ bá Mabel. "Àǹtí mi, ẹ kó àwọn èèyàn yín wá. Ẹ̀yin ni igbákejì mi."

Ó tún yọ́ lọ bá Yẹ̀kínnì. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo ní bí kò ṣe ẹ̀yin? Igbákejì díìnì, tiyín ni. Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àwọn tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀, níbo ni wọ́n á ti gbọ́? Ó gbàgbé pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

Ìbò ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ìyá Mabel kú. Nílẹ̀ wa, ìjà kì í dí ọ̀nà ọ̀fọ̀. Yẹ̀kínnì mú Aneesah ìyàwó rẹ̀, wọ́n lọ kí i nílé. Ambrose ní tirẹ̀ ò lọ. Ìbò ti wà lápò, kí ló kàn án mọ́?

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Dókítà," ni Yẹ̀kínnì wí. "Ọlọ́run á tẹ́ Mama sáfẹ́fẹ́ rere."

Ni Mabel bá bú sẹ́kún. Aneesah dì mọ́ ọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Tí Bàbá Rilwan, ọkọ mi, bá ti di igbákejì díìnì, á fi ipò náà parí gbogbo ìjà yín."

Mabel gbójú sókè. "Igbákejì ta ni?"

"Ti Prof Ambrose náà ni."

"Ipò tó fún mi ńkọ́?"

Ni Yẹ̀kínnì bá bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Prof ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì bí ọmọ onílẹ̀!" Mabel náà rẹ́rìn-ín tòun tomijé.

Lọ́jọ́ ìbò, Ambrose wọ kóòtù tuntun, ó tún pe onífọ́tò dání. Wọ́n ka ìbò tán, ẹyọ kan ló ní. Òun fúnra rẹ̀ ló dì í.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó ti sáré bá Yẹ̀kínnì.

Yẹ̀kínnì tẹjú mọ́ ọn. "Ìyá Dókítà Mabel ló kú, sà. Ẹ ò tíì kí i."

Láti ọjọ́ náà, Ambrose ṣì ń parí ìjà ayé lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ kò sí olùkọ́ kan tó ń bá a jókòó jẹun.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ipò. Ẹ má fi ìjà ẹlòmíì kọ́lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí ìjà, orí yín ni òrùlé á wó lé. Ẹ máa sọ òótọ́, kí ẹ sì máa kí ọlọ́fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní rí ohunkóhun gbà lọ́wọ́ rẹ̀.