Murdo àti Àwọn Ẹyẹ Tí Kò Yà Lọ́nà

Bí ẹ bá ní kí a dárúkọ ẹni tó mọ àgùntàn í dà jù lọ ní erékùṣù wa nígbà náà, Murdo ni. Bí ẹ bá ní kí a dárúkọ ẹni tí kò ní sùúrù rárá, Murdo náà ni. Ìwàǹwára ni àléébù rẹ̀. Kì í jẹ́ kí tíì tutù kó tó gbé e mì. Bó bá jó o láhọ́n tán, ìkòkò ni yóò máa bú.

Àtikékeré ló ti ń gun ẹṣin tẹ̀lé agbo. Kò pẹ́ tó fi ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, Ọ̀gbẹ́ni Petrie, alábòójútó oko, sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Bàbá Lowrie, olórí darandaran, sọ pé eegun òun kò gba gàárì mọ́, Petrie ránṣẹ́ pe Murdo.

Ó ní, "Lọ kó agbo tó wà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ wá sí ilé ìrẹ́run. Bí gbogbo wọn bá dé láàyè, ipò Lowrie di tìrẹ, àti ilé olókùúta rẹ̀."

Ilé olókùúta! Ina, ìyàwó Murdo, wà nínú oyún, ahéré onípáànù ni wọ́n sì ń gbé, tí atẹ́gùn ń wọlé tó ń jáde bí onílé. Kò sí ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ tó ilé yẹn.

Ọ̀nà méjì ló ti ìpẹ̀kun ilẹ̀ wá. Ọ̀nà òkè jìn, darandaran á sùn lójú ọ̀nà. Ọ̀nà etí òkun yá, ṣùgbọ́n àárín irà àti omi ló gbà, ibẹ̀ sì ni ibùgbé àwọn pẹńgúìnì ọba. Nígbà ìrẹ́run, tí wọ́n bá ń sàba, ẹnikẹ́ni kì í da ẹran gba ibẹ̀. Ẹlẹ́ṣin pàápàá á sọ̀ kalẹ̀, á fa ẹṣin rẹ̀ kọjá ní jẹ́jẹ́. Bí àwọn baba wa ṣe fi lélẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Wọ́n ga tó ìbàdí ènìyàn, wọ́n ń dúró ṣánṣán bí àgbààgbà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọ̀ oòrùn wà lọ́rùn wọn. Wọn kì í kọ́ ìtẹ́. Ẹyin kan péré ni abo ń yé, orí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé, wọ́n á sì fi awọ ikùn bò ó. Bí ọ̀kan bá lọ wá oúnjẹ lókun, èkejì á dúró láìjẹ, láìmu, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, yìnyín ìbáà máa nà án. Nígbà tí ẹnìkejì bá dé, yóò ké, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹni tirẹ̀ nìkan ni yóò sì dáhùn. Ta ló kọ́ wọn? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ariwo lásán ni Murdo ń gbọ́ ní tirẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹ̀gà ní í sọ pé ẹ̀gà ń pàtótó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó sọ fún Ina pé, "Etí òkun ni mo máa gbà bọ̀."

Ina gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Wọ́n ń sàba!"

"Kí wọ́n gbé ẹyin wọn kúrò lọ́nà fún mi. Ṣebí orí ẹsẹ̀ ló wà? Ẹrù wo ló tún rọrùn jùyẹn lọ?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bàbá Lowrie ò gba ibẹ̀ rí."

"Bàbá Lowrie ti darúgbó. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, màá ti dé. Ẹnu á ya Petrie."

"Murdo, ilé yẹn ò ní sá lọ. Mo lè dúró."

"Èmi ò lè dúró," ni Murdo wí, ó sì fò gun ẹṣin.

Nígbà tó dé etí òkun, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó súfèé, àwọn ajá gbó, agbo sì ya lu àwọn ẹyẹ. Ó rò pé wọn yóò fọ́n ká bí adìẹ. Wọn kò fọ́n ká. Ẹyẹ tó gbé ẹyin lẹ́sẹ̀ kò lè sáré, kò sì jẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n fún mọ́ra, wọ́n na ọrùn, wọ́n kọ ẹnu gígùn wọn sí agbo, igbe wọn ń dún bíi fèrè ogun.

Àgùntàn iwájú dúró. Ajá ń ti àwọn ti ẹ̀yìn. Nígbà tí ọ̀nà há tán, àwọn kan ya wọ inú irà, àwọn kan ya wọ òkun. Irun odidi ọdún kan ló wà lára wọn. Ó fa omi mu, ó sì wọ́ wọn lọ sísàlẹ̀. Murdo súfèé pe àwọn ajá padà títí ètè rẹ̀ fi bẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Nígbà tí Petrie àti Bàbá Lowrie gbọ́, tí wọ́n sáré dé, ẹrẹ̀ ti bo Murdo dé ọrùn níbi tó ti ń fa àgùntàn jáde.

"Mo fẹ́ tètè dé ni, sà," ló ń wí.

"O kúkú tètè dé," ni Petrie dáhùn. "Àgùntàn mi dà?"

Bàbá Lowrie mi orí. "Ẹyẹ ò lé ọ, àgùntàn ò lé ọ. Kí ló ń lé ọ, ọmọ mi?"

Murdo fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bo ojú.

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba ẹṣin àti ajá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó máa fa òkú àgùntàn jáde nínú irà, kó máa bó wọn, títí ọkọ̀ tí yóò gbé òun àti aya rẹ̀ kúrò ní erékùṣù yóò fi dé. Iṣẹ́ tí kò ṣeé yára ṣe ni. Níbẹ̀ ló ti rí ẹyẹ kan tí ẹyin rẹ̀ fọ́ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà. Ó ń fi ẹnu yí èèpo rẹ̀ padà sórí ẹsẹ̀, èèpo ń bọ́, ó tún ń yí i. Ọkàn Murdo gbọgbẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí Ina gbé búrẹ́dì wá fún un, ẹyẹ kan jáde láti inú òkun, ó ké. Láti àárín ogunlọ́gọ̀, ẹyọ kan dáhùn. Wọ́n rìn pàdé ara wọn, wọ́n tẹrí ba, wọ́n sì gba ẹyin láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ bí ẹni gba ọmọ ìkókó.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Murdo. "Ina, o rí i? Ohùn nìkan ló fi dá a mọ̀!"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"N kò dúró wò ó rí," ni Murdo wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ilé olókùúta di ti ẹlòmíràn. Inú ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ, láàárín àwọn àpò irun àgùntàn, ni ìrọbí ti mú Ina, ibẹ̀ ló sì bí ọmọ rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ilé tí Murdo ń sáré lé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ tán kó tó fi ìwàǹwára fọ́ ọ. Bí ẹ bá bá àṣà kan tí àwọn àgbà fi lélẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dúró bi wọ́n ní ìdí rẹ̀. Ẹ má sì fojú tín-ín-rín ẹ̀dá Ọlọ́run kankan, nítorí ẹyẹ tí kò lè fò, tí kò ní idà, tó kàn dúró ti ọmọ rẹ̀, ó lágbára ju ẹlẹ́ṣin lọ.