Itọ́ Ẹni Tí Ara Ẹ̀ Dá Ṣáṣá

Ìlà dúdú náà tún yọ lórí àwòrán àyẹ̀wò itọ́, níbi tí kò yẹ kó yọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà yí àwòrán síbìí, ó yí i sọ́hùn-ún, ìlà ò kúrò.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ yọjú láti ẹ̀yìn. "Itọ́ bàbá ẹ nìyẹn?"

"Rárá, mà. Ti Dádì mi ló wà lókè. Ti ìsàlẹ̀ yìí ni ti ẹni tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, tí a fi ń wé e."

"Ṣáṣá bíi ti báwo? Àmì àrùn tó ń ṣe bàbá ẹ rèé gedegbe. O ò da itọ́ wọn pọ̀ ṣá?"

"Mo ti tún un ṣe, mà, tìbọ̀wọ́ tuntun tìgò tuntun."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Á jẹ́ pé ẹni ẹlẹ́ni ti jogún ohun tí ò gbóògùn, kò sì tíì mọ̀. Da tiẹ̀ nù, kó o wá ẹlòmíì. Ta tiẹ̀ ló ni itọ́ náà?"

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà wo ìgò kékeré tó tutọ́ sí fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí kò rí ẹlòmíì bẹ̀. Ó gbé itọ́ mì.