Báàjì Ayọ̀ Lára Bàbá Adégòkè

“Nọ́ọ̀sì Mosúnmọ́lá, báàjì ayọ̀ rẹ dà? Ṣé o ò mọ̀ pé òfin ni, kí ìjọba lè mọ̀ pé iṣẹ́ ń dùn mọ́ wa?”

Mátírọ́nù ló ń lọgun bẹ́ẹ̀ láàárín wọ́ọ̀dù.

“Ó wà láyà Bàbá Adégòkè, mà. Wọ́n ń lọ sílé lónìí, inú wọn ń dùn, ló bá ń tàn láyà wọn. Láyà tèmi, ṣe ló ń ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ta. Èmi nìkan, wọ́ọ̀dù méjì, mi ò tíì jókòó látàárọ̀.”

“Ajẹ́ńsì tó rán ẹ wá ni màá dá ẹ padà fún. Wàá jókòó dáadáa nílé.”

Lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, Bàbá Adégòkè rọra ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn. Báàjì méjì ló ń tàn yanran níbẹ̀.

“Mátírọ́nù, èwo ni tiyín níbẹ̀? Àtàárọ̀ tẹ́ ẹ ti fi há mi láyà, ẹ ò padà wá gbà á.”