Ẹni tó ń pe Wolé-wolé

Nígbà tí wolé-wolé dé ilé ìdáná àdúgbò lẹ́ẹ̀kẹta, kò wulẹ̀ béèrè ọ̀nà. Ó gba àárín àwọn tó ń gé ẹ̀fọ́ kọjá, ó lọ bá fíríìjì tó wà ní kọ̀rọ̀, ó sì fi ìka fa rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ti já. Lẹ́ẹ̀kíní, gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ló wá yẹ̀ wò. Lẹ́ẹ̀kejì, ihò tí eku gbẹ́ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kìlọ̀ pé bí òun bá tún padà wá, òun á ti ibẹ̀ pa pátápátá.

Olórí ilé ìdáná náà, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Dọ́gbadọ́gba, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó mọ̀ pé rọ́bà fíríìjì já, inú ilé ló wà.

Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ọwọ́ àwọn tó ń gbin nǹkan sí ẹ̀yìnkùlé àti etí ìlú ló ti ń ra ẹ̀fọ́, ní iye tí kò rẹ́ wọn jẹ. Ẹni tó lówó ń san ohun tó bá lè san, ẹni tí kò ní náà ń jẹ, ìpọn kan náà ni wọ́n sì ń fi bu ọbẹ̀ fún gbogbo wọn. Òun ló ṣòfin pé òṣìṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ lọ sílé, kí aráyé má baà sọ pé alásè ló ń kọ́kọ́ yó. Òfin náà ò yọ òun sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ tó ń bá a gbé, tí orúnkún ò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, búrẹ́dì àti tíì ló fi ń ti ọ̀sán, títí ọmọ á fi dé lálẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ibẹ̀ nítorí gọ́tà, inú bí i débi pé ó se ẹ̀wà jóná nílé. Òun àti bàbá rẹ̀ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá sì ní òun ò jẹ ẹ̀wà tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rò pé bàbá ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ìyá Kànìnkànìn tó ń fọ ìkòkò ni ọkàn rẹ̀ lọ bá. Wọ́n ti ká oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí nínú ọ̀rá, Àǹtí Dọ́gbadọ́gba sì ti bá a wí lójú gbogbo èèyàn. Ó lọ dúró tì í nídìí ẹ̀rọ omi.

“Ẹ̀yin lẹ ń pe wolé-wolé.”

Ìyá Kànìnkànìn gbé ìkòkò sílẹ̀. “Èmi? Ibí ni mo ti ń jẹ, ibí ni mo ti ń rówó iléèwé ọmọ mi san. Tí mo bá bà á jẹ́, ṣé ojú títì ni n ó ti máa fọ ìkòkò?”

Wọ́n fà á títí, kò jẹ́wọ́. Àǹtí Dọ́gbadọ́gba ní kó máa lọ sílé, kó má padà wá. Obìnrin náà tú aṣọ ìdáná tó so mọ́dìí, ó nu ọwọ́ sí i, ó sì lọ.

Lálẹ́, Àǹtí Dọ́gbadọ́gba rò ó fún bàbá rẹ̀, bó ṣe máa ń ro gbogbo ẹjọ́ ibi iṣẹ́ fún un. Bàbá gbé ife tíì sílẹ̀.

“Pè é padà,” ló wí. “O ò ká a mọ́ ibẹ̀.”

Ó ní àánú ṣíṣe ni yóò pa bàbá. Ó tún ráhùn nípa èyí tó kù: páìpù gáàsì ń jò lábẹ́ sítóòfù ńlá. Òun ti pa á, èkejì lòun ń lò, àmọ́ ẹni tó máa tún un ṣe ní ó di òpin ọ̀sẹ̀, òun ò sì sọ fún òṣìṣẹ́ kankan kí àyà wọn má baà já. Ó sùn lọ lórí àga kí bàbá tó fèsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wolé-wolé wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú sítóòfù ńlá, ó gbóòórùn. Kò pẹ́ tó fi lẹ bébà pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó wá jẹun ti tò sí ìta; àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbé apẹ̀rẹ̀ dé, Àǹtí Dọ́gbadọ́gba ní kí wọ́n máa gbé e padà. Ojú tì í débi pé kò lè wò wọ́n.

Ibẹ̀ ló ti yé e pé òun ti lé aláìṣẹ̀, nítorí Ìyá Kànìnkànìn ò mọ nǹkan kan nípa páìpù. Ó pe ẹni tó ń tún sítóòfù ṣe, ó sì bú u. Ọkùnrin náà búra pé òun ò sọ fún ìyàwó òun pàápàá. Àǹtí Dọ́gbadọ́gba já fóònù mọ́ ọn létí, kò sì pe ẹlòmíràn mọ́. Inú oòrùn ló ti rìn dé ilé, ó ń ronú bí òun ṣe máa sọ fún bàbá pé ilé ìdáná ti parí.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ìrẹsì ń rú èéfín nínú àwo méjì lórí tábìlì, bàbá sì ti wọ ẹ̀wù mímọ́.

“Jókòó kó tó tutù,” ni bàbá rẹ̀ wí, ó fa àga fún un, “nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní àwọn á ti tì í kó tó di ọ̀sán.”